Ẹsẹ̀ Kan Là Ń Fi Wọn Odò: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Gbìyànjú Ọ̀nà Tuntun Nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Láìfi Ọmọ Wewu

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ìwé ìlànà iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní skím a dé ọwọ́ olùkọ́, olùkọ́ a sì jókòó tì í, a máa da orí-ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ìwé ètò ìkọ́ni, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti dà á kọ ní èṣí. Iṣẹ́ náà kò le, kò sì sí ẹni tí yóò torí rẹ̀ bá olùkọ́ wí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àwọn orí-ọ̀rọ̀ kan wà tí òun ń kọ́ lọ́dọọdún, tí àwọn ọmọ kì í sì í mọ̀ lọ́dọọdún. Ó mọ ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yóò rú wọn lójú, ó mọ ìbéèrè tí wọn yóò fò nínú ìdánwò, ó sì mọ̀ pé bí òun bá tún kọ́ ọ bí òun ti ń kọ́ ọ bọ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ náà ni wọn yóò tún ti kọsẹ̀.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni mo ti ń kọ́ni ní Ẹ̀pẹ́, kíláàsì karùn-ún ni mo sì ti pẹ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí olùkọ́ ṣe lè mú ibì kan ṣoṣo nínú skím, kí ó yí ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọ padà, kí ó sì ṣètò rẹ̀ débi pé bí ọ̀nà tuntun náà bá kùnà, olùkọ́ ni yóò ru ẹrù ìkùnà náà, kì í ṣe ọmọ. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹsẹ̀ kan ni à ń kì bọ omi, èkejì a sì dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀ títí tí a ó fi mọ bí omi ṣe jìn tó. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń gbọ́ nípa dídá àrà nínú kíláàsì kò sọ ju ẹsẹ̀ tí ó bọ́ sómi lọ. Ẹsẹ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ ni èmi fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba àti ohun tí ó jẹ́ tiyín

Àjọ NERDC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, ni ó ń ṣe kòríkúlọ́ọ̀mù, ìyẹn àkójọ ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 2008 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí ó so ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún 9 pọ̀, láti Pírámárì 1 títí dé JSS 3, Ìpínlẹ̀ Èkó a sì máa pín kòríkúlọ́ọ̀mù tí a bá ń lò sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ fún wa nínú skím. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé wọ̀nyí ni òfin, ìbẹ̀rù yìí ni kò sì jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ohunkóhun. Ẹ mú ẹ̀dà skím yín, kí ẹ mú bírò pupa kan àti bírò búlúù kan. Ẹ fi pupa fa ìlà sí abẹ́ orí-ọ̀rọ̀ náà àti sí abẹ́ ohun tí a kọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹ fi búlúù fa ìlà sí abẹ́ gbogbo èyí tí ó kù: irinṣẹ́ ìkọ́ni, àpẹẹrẹ, iṣẹ́ tí olùkọ́ yóò ṣe àti iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe.

Ẹ ó rí i pé búlúù pọ̀ ju pupa lọ. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé orí pátákó ìkọ̀wé ni èrè àti àdánù gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tàbí pé ọsàn àti bisikíìtì nìkan ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọjà náà, ìyẹn ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀, ni kò gbọ́dọ̀ yí padà, ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ẹ fi pupa fàlà sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ibì kan ṣoṣo, kí ìwé àwọn ọmọ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí

Ẹ má yan orí-ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí pé ẹ rí nǹkan tó wuni lórí fóònù. Ẹ lọ kó ìwé àjákọ ọmọ 10 jáde, mẹ́ta nínú àwọn tí ó mọ̀wé, mẹ́rin nínú àwọn tí ó wà láàárín, àti mẹ́ta nínú àwọn tí ìwé ń ni lára. Ẹ ṣí gbogbo wọn sí ojú iṣẹ́ kan náà, kí ẹ sì kọ irú àṣìṣe tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀. Iye àṣìṣe kò ṣe pàtàkì tó irú rẹ̀, nítorí bí ọmọ mẹ́wàá bá ṣe àṣìṣe mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ pé àìfarabalẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ méje nínú mẹ́wàá bá ṣe àṣìṣe kan náà, a jẹ́ pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ ni ó bí i.

Nígbà tí èmi ṣe èyí, orí èrè àti àdánù ni ó jáde, pàápàá ibi tí a ti ń sọ èrè di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní pàsẹ́ńtì. Àṣìṣe wọn kò yàtọ̀ síra: wọn a mú iye tí a ta ẹyọ kan, wọn a yọ iye tí a ra ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, wọn a sì pe ìyókù ní èrè, láìbéèrè bóyá ohun tí a rà àti ohun tí a tà ṣì jẹ́ iye kan náà, tàbí bóyá owó mìíràn ti wọlé sí ọ̀rọ̀ náà láàárín.

Kíláàsì tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún náà kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ fi Pírámárì 6, JSS 3 àti SS 3 sílẹ̀ títí ọ̀nà náà yóò fi yege níbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́kọ́ dá nìkan lọ wo ibẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fò ní ọdún àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ sọ bí ó ti rí, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí kíláàsì ẹlòmíràn. Mo pinnu láti fi ẹja kọ́ èrè àti àdánù, nítorí pé kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ ọjà Olúwo. Èmi náà mọ ọjà náà, ibẹ̀ ni mo ti ń ra ẹja jẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi rò pé ó yẹ kí n lọ wò ó kí a tó lọ. Mo kọ ọ́ sínú ètò ìkọ́ni mi pé àwọn ọmọ yóò béèrè iye tí kílò ẹja tútù kan jẹ́ àti iye tí kílò ẹja yíyan kan jẹ́, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì padà wá ṣe ìṣirò rẹ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sí ẹnì kan tí ó ń fi kílò ta ẹja nínú gbogbo àwọn tí a bá. Òkìtì ni, agbọ̀n ni, báàsíà ni, àrọ̀ ńláńlá sì ń lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ni ẹlẹ́ja fi ń wọ̀n ọ́n, ojú náà ni oníbàárà fi ń ná an. Àwọn ọmọ mi dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò kọ. Ìyá kan tí ó ń to ọ̀bọkún sórí àtẹ wò wá títí, ó ní, “Tíṣà, kí ni àwọn ọmọ yìí ń wá gan-an? Ká ní ẹ ti fojú kàn wá lánàá ni, à bá ti wá òṣùwọ̀n sílẹ̀ dè yín.” Òótọ́ ni ìyá sọ. A padà sí ilé-ìwé nígbà tí àkókò ìṣirò ti kọjá, tí a sì ti jẹ nínú àkókò ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè orí èrè ni àwọn ọmọ tún fò. Àwọn ni wọ́n san gbèsè ohun tí èmi kò lọ wò.

Nítorí náà, ẹ lọ ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín béèrè ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ọjà, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò ráyè dáhùn nígbà tí oníbàárà kò bá pọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ tí ń yọ̀, etí èbúté, ọ̀bẹ àti iná. Bí ẹ bá ti wo gbogbo èyí tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ pinnu, bí èmi ti pinnu ní ọdún kejì, pé ẹja ni kí a gbé wá bá ọmọ, kì í ṣe ọmọ ni kí a kó lọ bá ẹja. Ọ̀nà tuntun kò di dandan kí ó jáde kúrò nínú ọgbà ilé-ìwé. Mo bẹ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó ń yan ẹja, ó gbà pé kí a wọn ẹja òun kí ó tó wọ inú ààrò àti lẹ́yìn tí ó bá jáde. Òṣùwọ̀n tí a lò, mo yá a lọ́wọ́ aládùúgbò mi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní iye àti ọjọ́ nínú. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Bí mo bá fi ẹja tútù àti ẹja yíyan kọ́ èrè àti àdánù fún àkókò ẹ̀kọ́ mẹ́rin, ó kéré tán, ọmọ 20 nínú 40 yóò lè ṣe ìbéèrè tí ìwọ̀n ọjà ti yí padà, nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ keje.” Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ètò yín, kí ẹ sì kọ déètì sí i. Bí a kò bá kọ ohun tí à ń retí sílẹ̀, ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni a ó pè ní àṣeyọrí, nítorí pé àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, kíláàsì yóò sì gbóná, inú olùkọ́ yóò dùn. Mo ti rí i kí ẹ̀kọ́ dùn mọ́ ọmọ kí ó má sì mọ ohun tí a kọ́ ọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún wọn ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ má ṣe gba máàkì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò àárín sáà. Ẹ kàn fi pamọ́. Òun ni ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ ti gbéra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ewu, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò ru ú

Bí a bá dárúkọ ewu, ewu ara ni ọkàn wa ń lọ bá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Omi, ọkọ̀, iná àti ọ̀bẹ kò gba ṣeréṣeré. Bí ẹ bá máa jáde, ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí ní kíkọ sílẹ̀, ẹ mú àgbàlagbà kún àgbàlagbà, ẹ má sì mú kíláàsì lọ sí etí omi ní àkókò òjò tí omi ọ̀sà bá ti kún. Èyí kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ewu kejì ni ti ìmọ̀, ìyẹn ni pé kí ọ̀sẹ̀ kọjá kí ọmọ má mọ ohun tí skím ní kí ó mọ̀. Ìgbésẹ̀ kẹfà ni yóò mójú tó o.

Ewu kẹta ni a kì í sábà rí, òun sì ni ó jẹ mí lọ́kàn jù: ewu ìtìjú. Nígbà tí a bá gbé ohun ilé àti ohun ọjà wọ inú kíláàsì, a ti gbé ìgbé-ayé àwọn ọmọ kan síwájú àwọn ọmọ yòókù. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lè wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú òórùn èéfín lára aṣọ, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí olùkọ́ bá kàn sọ pé, “Lágbájá, ìyá rẹ ló ń ta ẹja, dìde kí o sọ fún wa,” ó lè rò pé òun ń gbé e ga, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ti fi í sí abẹ́ ojú gbogbo kíláàsì. Nítorí náà, ẹ lọ bá ọmọ náà àti òbí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pinnu bóyá kí a dárúkọ wọn. Ẹ má pe ọmọ kankan dìde. Ẹ gbé ìbéèrè kalẹ̀, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ nawọ́.

Ẹ ronú kan àwọn tí kò mọ ẹja náà. Gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọ́ ni ọmọ apẹja; àwọn mìíràn wá láti ilé àgbẹ̀, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn. Bí àpẹẹrẹ wa bá jẹ́ ti ilé ọmọ méjìlá péré, àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí ẹja náà, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n sì ka òṣùwọ̀n fúnra wọn kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ẹ má ṣe bu owó lé òbí. Bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá gba owó tí ilé-ìwé kò ní, ẹ dín in kù títí yóò fi bá agbára mu.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣe ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kejì yóò dúró lé

Ẹ kọ ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà sílẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé òun ni ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì fi í sẹ́yìn ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó dúró. Fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì, òpin àkókò ẹ̀kọ́ kejì ni mo máa ń fi ṣe é. Mo máa ń fún wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ìwé pélébé, bí ìdajì kíláàsì kò bá sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá, mo padà sí ọ̀nà àtijọ́ ní ọjọ́ kejì, láìjanpata. Àkókò ẹ̀kọ́ méjì ṣì wà nílẹ̀ tí yóò tó o.

Ẹni tí ó bá rò pé irú ìṣọ́ra yìí ń pa àrà dídá, kí ó wo iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Àṣà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí a fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn pinnu láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ẹ ronú bí ìyẹn ti léwu tó lójú òbí: bí ọmọ kò bá wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni yóò ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kejì sí. Wọ́n yan olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dunjú láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀, wọ́n ṣètò ìwé ní èdè Yorùbá tí olùkọ́ àti ọmọ yóò lò, wọ́n sì ní kíláàsì mìíràn tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n lè fi èyí wé èyí. Nígbà tí àbájáde dé, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń yin ìgboyà iṣẹ́ náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà àti kíláàsì kejì náà ni èmi máa ń rántí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ ètò.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá àgbà kí ẹlòmíràn tó mú un lọ

Ẹ má ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan: orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ fi pupa fàlà sí, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ohun tí ẹ ń retí, ọjọ́ tí ẹ ó dúró. Bí èmi àti ọ̀gá mi ṣe sọ ọ́ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo mú ọ̀rọ̀ kan wá nípa ọ̀sẹ̀ kẹfà.”

“Ọ̀sẹ̀ kẹfà inú skím? Kí ló ṣe é?”

“Mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, mà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà kọ́ ọ ni mo ní kí ẹ bá mi wò.”

Ó ka ìwé náà. “Bí àwọn olùbẹ̀wò bá wọlé lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹja ni wọ́n máa bá lórí tábìlì?”

“Ẹja ni, mà, pẹ̀lú ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tí mo kọ ọjọ́ ìdúró sí, ó ní, “Ọjọ́ yìí ni kí o wá bá mi, bó dára o, bí kò dára o.” Ó buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá àgbà kì í sábà kọ ohun tuntun. Ohun tí kò ní ìparí ni ó máa ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kíkọ́ ọ gan-an

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ ní ọdún kejì ni mo fẹ́ fi hàn. Iye owó inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí mo yàn kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ lọ béèrè iye tí ọjà ń lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Mo gbé àrọ̀ yíyan kílò 2 sórí òṣùwọ̀n, ọmọ méjì sì kà á sókè. Mo béèrè pé, kí ó tó wọ inú ààrò, kílò mélòó ni? Wọ́n ní 2 àti ààbọ̀, àwọn kan ní 3. Mo sọ fún wọn pé 5 ni, gbogbo kíláàsì sì hó yè. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ẹja tútù, nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú 100, iná sì ti lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sójú pátákó: ẹja tútù, kílò kan ní náírà 2,800, ẹja yíyan, kílò kan ní náírà 9,000. Mo ní kí wọ́n kọ èrè sílẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀.

Mo rìn káàkiri. Ìwé dé ìwé, 6,200 ni mo ń rí. Àṣìṣe tí mo rí nínú ìwé èṣí náà ni, ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹja wà lórí tábìlì. N kò sọ pé wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Mo kàn ní kí wọ́n tún wo òṣùwọ̀n. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nawọ́ díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ padà, ó ní, “Àǹtí, ẹja ti súnkì. Kílò kan ìgbà tó tútù kọ́ ni kílò kan ìsinsìnyí.” Mo ní kí ó tún un sọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Láti ibẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe é. Kílò 5 ní 2,800 jẹ́ 14,000. Ẹnì kan rántí igi ìdáná, a fi 1,000 sí i, ó di 15,000. Kílò 2 ní 9,000 jẹ́ 18,000. Èrè jẹ́ 3,000, ìyẹn ìdá 20 nínú 100 owó tí a ná. Mo wá béèrè pé, bí iná bá pọ̀ jù ńkọ́, tí ẹja sì súnkì dé kílò 1 àti ààbọ̀? Owó tí yóò wọlé di 13,500. Àdánù 1,500 ni, ìdá 10 nínú 100. Ẹja kan náà, ìyá kan náà, ààrò kan náà, iná díẹ̀ ni ó fi èrè sọ àdánù. Orí-ọ̀rọ̀ méjèèjì tí skím ní kí n kọ́ wà nínú rẹ̀, láìfi ipá mú un wọlé.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbí ni ìkánjú láti tún ọmọ ṣe. Bí mo bá ti sọ pé 6,200 kò tọ̀nà ní kété tí mo rí i, èmi ni ǹ bá ṣe iṣẹ́ náà, wọn ì bá sì kàn dà á kọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo kíláàsì fi wà nínú àṣìṣe kan náà, tí mo sì ń rìn káàkiri láìsọ̀rọ̀, ni ó ṣòro jù fún mi nínú gbogbo ètò náà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì pinnu

Ẹ má ṣe fi ẹja dán wọn wò. Bí ẹ bá tún béèrè ẹja, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ìṣirò ni wọ́n mọ̀ tàbí ìtàn ẹja. Gbágùúdá tí a fi ṣe gàrí ni mo lò, nítorí pé òun náà ń dín kù kí ó tó dé ọjà. Olùkọ́ tí ó bá wà ní Àgbádárìgì lè lo àgbọn tí a fi ṣe òróró. Ẹ gbé àbájáde náà sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ fi pamọ́, àti sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Bí kíláàsì kejì bá wà tí ẹlẹgbẹ́ yín ń fi ọ̀nà àtijọ́ kọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.

Bí iye náà bá pé, ẹ kọ ọ̀nà náà sínú ètò ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá ku díẹ̀, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá jìnnà gan-an, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó dá òṣùwọ̀n padà fún olówó rẹ̀, ẹ ṣe fáìlì kan fún olùkọ́ tí yóò gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ohun tí a yá àti ibi tí a ti yá a, ìwọ̀n ẹja ṣáájú àti lẹ́yìn, ìbéèrè gbágùúdá náà, àti àṣìṣe tí ó ń wá lákọ̀ọ́kọ́. Ìwé ti ọdún tí ó bàjẹ́ ni kí ẹ fi ṣíwájú nínú rẹ̀, nítorí òun ni yóò sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ dá nìkan lọ sí ọjà Olúwo ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ó sì wo ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹja.